Ọ̀dà Tó Di Ọṣẹ

Aṣọ ìnulé ni màmá onílé nà sí mi. "Ẹ wá wo ohun tó bá aṣọ mi wá, ẹ̀yin akunlé." Wọ́n ti fi omi rin ín, wọ́n sì fi nu ibi tí epo ọbẹ̀ ta sí lára ògiri ilé ìdáná. Epo ọbẹ̀ lọ lóòótọ́, àmọ́ ọ̀dà mi náà bá a lọ. Mo sún mọ́ ògiri, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́. Gílọ́ọ̀sì aláwọ̀ wàrà tó ń dán gbinrin ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ti rọ̀, ó ń yọ̀ lábẹ́ ìka mi bí ọṣẹ tí ẹnìkan gbàgbé sínú omi. Mo fi èékánná họ ọ́, ó ká jọ sábẹ́ èékánná. Nísàlẹ̀, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń fọ abọ́, omi olóòróró kan tó pọ́n rúsúrúsú ti ń sun jáde lára rẹ̀.

Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ níbí ni, ní oṣù keje ọdún 2009, nígbà tí òjò kì í dá. Ọdún mẹ́ta ṣáájú ni mo gba òmìnira lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Oǹdó, mo sì gbà pé iṣẹ́ ti yé mi. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún mi. Mo gbé agolo tó ṣẹ́kù, mo gba ìsọ̀ ẹni tó tà á lọ, mo sì pariwo débi tí àwọn ará ọjà fi wá là wá níjà. Ẹni náà kò jẹ̀bi rárá. Ó dùn mí títí di òní pé mo tàbùkù rẹ̀ lójú àwọn oníbàárà rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo padà lọ dọ̀bálẹ̀ fún un.

Ọ̀gá mi ló là mí lójú. Mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọn ò tiẹ̀ bi mí léèrè irú ọ̀dà tó jẹ́. Ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ìgbà wo ni bíríkìlà rẹ́ ògiri yẹn?" Mo ní ó pé ọjọ́ mẹ́sàn-án kí n tó kùn ún, mo ní ó ti gbẹ, ojú rẹ̀ ti funfun. Wọ́n mi orí.

"Inú gílọ́ọ̀sì, epo ni. Inú sìmẹ́ńtì tútù, omi eérú ni. Àbí o ò rí ìyá rẹ nídìí ọṣẹ rí ni?"

Mo rí i o. Èmi ni mo máa ń bá wọn ru èèpo kòkó wálé láti oko. A ó sá a títí yóò fi gbẹ, a ó sun ún di eérú, a ó da eérú sínú ajere, a ó sì máa bu omi lé e díẹ̀díẹ̀. Omi pupa tó ń kán sínú ìkòkò ìsàlẹ̀ ni ìyá mi ń fẹ́. Bó bá kàn ọ́ lára, á máa ta ọ́. Bí o bá pẹ́ nídìí rẹ̀, á bó ọ lọ́wọ́. Wọn á gbé e kaná, wọn á da àdín sí i, wọn á máa rò ó. Bó bá pẹ́ díẹ̀, àdín kò ní í léfòó mọ́, kò ní í jọ epo mọ́, á ki, á dúdú, á di ọṣẹ tí a ó fi wẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lára ògiri màmá nìyẹn. Sìmẹ́ńtì tó bá pò mọ́ omi máa ń tú láìmù jáde, agbára láìmù yìí sì jọ ti omi eérú. Bí ojú ògiri bá tilẹ̀ funfun, inú rẹ̀ lè ṣì tutù. Epo inú gílọ́ọ̀sì pàdé láìmù, omi inú ògiri bá wọn rò ó pọ̀, ọṣẹ dé. Mo ti ń rí i láti kékeré nínú ìkòkò ìyá mi, n kò sì dá a mọ̀ nígbà tó kúrò nínú ìkòkò.

Mo ṣá gbogbo rẹ̀ kúrò. Owó ara mi ni mo fi ra ọ̀dà kejì, mo sì bẹ màmá pé kí wọ́n jẹ́ kí ògiri mí títí òjò fi máa dínkù. Wọ́n gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti fẹ́ kí iṣẹ́ parí kí ìgbéyàwó ọmọ wọn tó dé. Ní oṣù kọkànlá ni mo tó padà síbẹ̀. Mo kọ́kọ́ fi púráímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, tí láìmù kò lè bá jà tẹ́ ẹ, mo sì fi ọ̀dà olómi tó ń dán díẹ̀ lé e lórí. Ó wà níbẹ̀ di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Láti ìgbà náà ni orúkọ ara agolo kò ti tó mi mọ́. Mo máa ń fẹ́ mọ ohun tó wà nínú ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ọjà wa. Ẹnìkan á wọlé, á ní, "Ẹ fún mi ní gílọ́ọ̀sì gálọ́ọ̀nù méjì." Ọ̀dà elépo ló ń bèèrè, èyí tí a ń fi tínà là. Bẹ́ẹ̀, gílọ́ọ̀sì kò sọ ohun tó wà nínú ọ̀dà. Bí ọ̀dà ṣe ń dán ló ń sọ. Ọ̀dà olómi tó ń dán bíi dígí wà, gílọ́ọ̀sì ni òun náà ń jẹ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Sátìn ń dán níwọ̀nba, òun náà wà ní elépo, ó wà ní olómi. Máàtì kò dán rárá. Nítorí náà, bí oníbàárà bá ti pe gílọ́ọ̀sì, èmi a bi í pé: kí lẹ fẹ́ fi kùn, ṣé dídán ni ẹ fẹ́ ni, àbí ohun tí omi kò ní í wọ̀? Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ìdáhùn rẹ̀ máa ń mú wa kúrò nídìí agolo tó kọ́kọ́ nawọ́ sí. Ẹ sì jẹ́ kí n sọ eléyìí kí n tó gbàgbé: ògiri tí wọn ò rẹ́ dọ́gba, ẹ má fi ohun tó ń dán kùn ún. Gbogbo ibi tó wú àti ibi tó jìn ni ìmọ́lẹ̀ máa ta lára rẹ̀. Máàtì máa ń bo àṣírí irú ògiri bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló gbé ọ̀dà ró, àtolómi àtelépo. Ti àkọ́kọ́ ni àwọ̀, ìyẹ̀fun kúnná tí a fi ń rí i. Èkejì ni ohun tó ń so ìyẹ̀fun yìí pọ̀ tó sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, bíńdà ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Ẹ̀kẹta ni omi tàbí tínà tó ń jẹ́ kí ó ṣeé fi búrọ́ọ̀ṣì fà. Bíńdà ni ọkàn rẹ̀. Ilé bàbá bàbá mi ní Oǹdó, efun ni wọ́n fi kun ojúde rẹ̀ nígbà kan. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í, ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni wọ́n á fi mọ ibi tó ti ń bọ̀. Efun ní àwọ̀, kò ní bíńdà. Osùn tí a bù sómi, bẹ́ẹ̀ náà ni. Àwọn ọ̀dà olówó pọ́ọ́kú kan wà lónìí tí wọn kò yàtọ̀ sí efun: kálíṣíọ̀mù ló kún inú wọn, bíńdà wọn kò tó nǹkan. Ó máa funfun dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bá kùn ún. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, fi àtẹ́lẹwọ́ ra ògiri náà, kí o wo ọwọ́ rẹ. Mo máa ń gbé aṣọ dúdú kékeré kan sápò nítorí èyí. Bí wọ́n bá pè mí síbi ògiri tí ẹlòmíràn ti kùn, aṣọ yẹn ni mo kọ́kọ́ máa ń fi nù ún. Bó bá gba ìyẹ̀fun púpọ̀, a ò gbọdọ̀ kùn ún lórí bẹ́ẹ̀, torí ọ̀dà tuntun máa di ìyẹ̀fun mú, ìyẹ̀fun kò sì di ògiri mú.

Ohun tó ń jẹ́ kí ọ̀dà funfun gidi bo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni títéníọ̀mù, ó sì wọ́n. Kó tó gbòde, òjé ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀dà funfun láyé àtijọ́. Òjé a máa ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, bó ti wù kó kéré mọ, ìdí nìyẹn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ń rọ gbogbo orílẹ̀-èdè pé kí òjé inú ọ̀dà má ju ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan lọ. N kì í fi ẹ́mírì gbígbẹ ha ọ̀dà ilẹ̀kùn tàbí fèrèsé ilé àtijọ́. Omi ni mo fi ń rin ín kí eruku má fò, n óò sì ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sílé ẹlòmíràn títí a ó fi gbálẹ̀ tán. Àwọn kan máa ń rò pé mo ń dá wọn láàmú. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò ó.

Ti omi àti tínà, ohun tó yẹ kí onílé mọ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí kò ní í dúró, lílọ ni wọ́n máa lọ. Bí ohun tó ń ṣẹ́kù nínú ọ̀dà kan bá jẹ́ 40 nínú 100, tí o bá kùn ún kó nípọn tó 100, 40 ni wàá bá lára ògiri bó bá gbẹ. Bí o bá tún bomi là á kó lè pọ̀, ohun tí wàá bá á máa sún mọ́ òfo. Mo ti bá onílé kan pàdé tó fi ike ọ̀dà olómi lítà 20 kan ṣoṣo kun ilé oníyàrá mẹ́rin, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ akunlé rẹ̀ pé ó bá òun ṣọ́ owó ná. Mo ń rí ojú búlọ́ọ̀kù gba abẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó ti kó mi sí wàhálà jù lẹ́yìn ti ọṣẹ ni "ó ti gbẹ". Iṣu tó wà lórí iná, omi rẹ̀ lè gbẹ kí iṣu má tíì jinná. Ọ̀dà náà ń gbẹ, ó sì ń jinná, méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan. Ọ̀dà olómi lè gbẹ láàárín wákàtí kan sí méjì, omi rẹ̀ ti lọ, àwọn hóró bíńdà sì ti ń fún mọ́ra wọn, àmọ́ ó lè gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kó tó lè gba kí wọ́n máa fi aṣọ tútù nù ún. Lákà tí àwọn káfíńtà ń fín sára àga, ní tirẹ̀, gbígbẹ nìkan ni ó ń gbẹ: bí tínà bá ti lọ, ó parí nìyẹn, bí tínà bá sì tún kàn án lọ́la, á yọ́ padà. Gílọ́ọ̀sì elépo yàtọ̀. Tínà rẹ̀ á kọ́kọ́ lọ, epo inú rẹ̀ á wá máa fa afẹ́fẹ́ mu, ìyẹn ló ń mú un le. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń bá awọ lójú rẹ̀ bí ẹ bá ṣí agolo tí kò kún: afẹ́fẹ́ tí ẹ dé mọ́ inú agolo ló sè é. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó jinná dénú, pàápàá bí wọ́n bá kùn ún nípọn.

N kò mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa lọ́dún 2014. Ilé-ìtura kan ní ká tún ilẹ̀kùn ṣe. Gílọ́ọ̀sì ló wà lára wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí a fín in ní lákà kí iṣẹ́ lè yá. Mo ní kò burú. A fín ilẹ̀kùn àkọ́kọ́, ó ń dán. Kí n tó na ọwọ́ mú ife omi mu, ojú ilẹ̀kùn ti hun jọ láti òkè délẹ̀ bí awọ ẹran tí iná rà. Tínà lákà le ju èyí tí a fi ń la gílọ́ọ̀sì lọ. Ó wọ inú gílọ́ọ̀sì, ó wú u, ó sì gbé e kúrò lára igi. Ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá ni, ọpẹ́ ni pé ọ̀kan la fín. Nísinsìnyí, bí n kò bá mọ ohun tó wà lára igi, mo máa ń fi òwú tó mu tínà lákà tẹ kọ̀rọ̀ kan tí kò hàn, n óò ka ìṣẹ́jú díẹ̀, n óò wo ohun tó bá ṣe.

Èyí tó ń jinná nípa pípò ni ẹpọ́sì, ọ̀dà alágolo méjì. Kò dúró de afẹ́fẹ́, kò dúró de oòrùn. Bí háádínà, ohun tó ń mú ọ̀dà le tó wà nínú agolo kan, bá ti kan ti agolo kejì, ó ti bẹ̀rẹ̀. A ń ṣe ilẹ̀ ibi ìtúnkọ̀ṣe kan lójú ọ̀nà Ọbà-Ilé, mo lọ jẹun, ọmọ-iṣẹ́ mi sì po lítà márùn-ún pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó lè yára. Ó ṣe é tọkàntọkàn, n kò tíì sọ fún un. Nígbà tí mo dé, mo gbá agolo mú, ó gbóná bí agolo tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹ̀kọ sí láti orí iná. Pípò yẹn máa ń mú ooru wá, bí ó bá sì ti pọ̀ lójú kan tó ni ooru rẹ̀ ń ká ara rẹ̀ mọ́. Kí a tó wí pé ká dà á sílẹ̀, ó ti gan, búrọ́ọ̀ṣì dúró sínú rẹ̀. Kò sí tínà tó lè là á padà. Ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára agolo, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, ẹ má sì ṣe rò pé bí háádínà bá pọ̀ sí i, á tètè gbẹ. Á kàn máa ṣẹ́ ni.

Ní oṣù òjò, lákà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ẹ fín tábìlì tán, ojú rẹ̀ mọ́ gaara, ẹ kàn rí i tó funfun bí ìgbà tí ìkùukùu bo Ìdànrè. Tínà rẹ̀ ń yára fò lọ débi pé ojú igi tutù, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ sì bà lé e bó ṣe ń bà lé ìgò omi tútù. Kì í ṣe ayédèrú. Ẹ dúró kí ọ̀sán pọ́n, tàbí kí ẹ wá tínà tó ń falẹ̀ lọ.

Fáníìṣì ni ọ̀dà tí kò ní àwọ̀, kó lè fi ẹwà igi hàn. Ohun tó dára lára rẹ̀ yẹn náà ló ń pa á níta. Oòrùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń ba ojú igi tó wà lábẹ́ jẹ́, fáníìṣì kò wá rí nǹkan dì mú, ó ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Ilẹ̀kùn ìrókò tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, èyí tí wọ́n dìídì ṣe fún ìta ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì tún un kùn kó tó ṣí, ẹ má dúró kó ṣí tán. Igi tíìkì lóróró nínú. Ẹ fi tínà nù ún kí fáníìṣì tó kàn án. Àwọn àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tó fi ewé èèpín dán igi kí ẹ́mírì tó dé máa ń lo ṣẹ́láàkì, wọ́n á fi sípíríìtì yọ́ ọ, wọ́n á máa fi òwú rà á lára igi. Ara kòkòrò kéékèèké kan tó ń bà lé igi ní Íńdíà ni wọ́n ti ń rí ṣẹ́láàkì. Mo ṣì fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ohun tó ń dán lọ, àmọ́ omi gbígbóná kì í jẹ́ kó níyì.

Ọṣẹ tún padà wá bá mi, lórí ìsọ̀ èmi fúnra mi. Mo fi páànù tuntun bò ó, mo sì fi gílọ́ọ̀sì aláwọ̀ ewé kun páànù náà. Lẹ́yìn òjò ọdún méjì, ó ń bọ́ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ́ tónítóní bí ẹni pé kò kan páànù rí. Kò sí sìmẹ́ńtì níbẹ̀, kò sí láìmù. Mo mú ẹ̀já kan lọ́wọ́, mo ń yí i sókè yí i sódò, ó sì sọ sí mi lọ́kàn: síǹkì ló bo irin náà. Síǹkì àti epo gílọ́ọ̀sì ń di ọṣẹ síbi tí wọ́n ti fara kanra, ọṣẹ tí kì í hó, àmọ́ tí kò jẹ́ kí ọ̀dà dì mọ́ irin. Mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù, mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ọṣẹ nìyí náà." Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti yé mi wàyí. Púráímà tí wọ́n ṣe fún páànù ni mo fi tún un ṣe, mo sì fi ọ̀dà olómi lé e.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan pè mí láti Èkó pé kí n wá kun ilé òun ní Ọbà-Ilé kí ọdún tó dé, gílọ́ọ̀sì sí gbogbo ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Mo bi í ìgbà tí wọ́n rẹ́ ẹ. Ó ní ó pé ọjọ́ 17, ó ti gbẹ. Mo sọ fún un pé ó kéré tán, ká jẹ́ kó pé 28, bí òjò bá sì ń rọ̀, kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Inú rẹ̀ kò dùn. Mo lọ síbẹ̀ nírọ̀lẹ́ àná, mo gé ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ kedere, mo fi téèpù lẹ ẹtí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri ilé ìdáná, mo fi í sílẹ̀ di àárọ̀. Ojú ògiri funfun, ó gbẹ lọ́wọ́. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ láàárọ̀ yìí, omi ti sẹ̀ sí ẹ̀yìn ọ̀rá náà, ó ń kán sísàlẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i ní Èkó.